Ta Ló Ti Fọwọ́ Kan Òtẹ́ẹ̀lì Náà?

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ará ilé rẹ ńkọ́, pàápàá èyí tí ń kọrin nínú balùwẹ̀ tí gbogbo yín fi ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́? Àwa níbí wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Mo bẹ Ọlọ́run kó máa ṣọ́ àlọ rẹ, kó máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kó má sì jẹ́ kí àtẹ̀gùn gíga tí ò ń gùn dé yàrá rẹ lójoojúmọ́ gba orúnkún lọ́wọ́ rẹ kí o tó darúgbó. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n má kí ọ jù, pé bí ìwé bá wúwo, owó sítáǹbù á lé sí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ṣe ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Àbúrò rẹ obìnrin fi fọ́tò tí ń rìn tí o fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù hàn mí, èyí tí àwọn ìyá kan tò síwájú òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ògiri, tí ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn sì wọ inú ògiri lọ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo rí i pé o to àwọn ojú róbótó aláwọ̀ ìyeyè sábẹ́ rẹ̀, tí gbogbo wọn ń sunkún, tí omi ń dà lójú wọn pòròpòrò. O wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé irú àwọn ìyá wo nìyí. Àbúrò rẹ fẹ́ dá ọ lóhùn. Mo ní kó fi í sílẹ̀, n ó dá ọ lóhùn fúnra mi. Ọmọ mi, ìyá rẹ ni. Èmi ni ọwọ́ mi há sínú ògiri. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí ẹni tó ń ya fọ́tò, ìdí nìyẹn tí o kò fi dá mi mọ̀. Ṣùgbọ́n aláàánú ọmọ ni ọ́, tí o fi lè sunkún tó báyẹn nítorí ẹni tí o kò mọ̀ rí. Mo ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, pé ọmọ gidi ni mo bí.

Jẹ́ kí n wá tú u fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àárín ọ̀rọ̀ lo ti bá a pàdé.

O mọ ilé ìgbẹ̀bí wa, ilé oníyàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, níbi tí wọ́n ti bí ìwọ náà, tí o kígbe débi pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rò pé aago ìsinmi ti lù, wọ́n sì tú jáde. Ilé àyágbé ni. Onílé ti darúgbó, ó fẹ́ tà á kó lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní bí ìgbìmọ̀ ìlú kò bá rà á kí oṣù yìí tó parí, oníṣòwò sìmẹ́ǹtì kan wà tó fẹ́ fi ṣe ibi ìkẹ́rùsí. Nọ́ọ̀sì wa kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ níbi tí ẹ wà yẹn. Wọ́n fèsì pé kò sówó, pé bí kò bá sílé mọ́, àwọn yóò gbé nọ́ọ̀sì lọ síbi tí ilé wà. Àbúrò rẹ nígbà náà sì ti lóyún débi pé bó bá fẹ́ yí padà nínú ilé, a ní láti sún àga fún un. Nọ́ọ̀sì ní bó bá rí báyìí, àfi kí ó bímọ sórí àpò sìmẹ́ǹtì.

Ibi tí a ti ń ronú lé e lórí ni rédíò ti sọ pé ìgbìmọ̀ kan náà fẹ́ fi owó orí ra òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tó wà lọ́nà ibùdókọ̀ ìlú tí ẹ wà yẹn, kí wọ́n lè sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Bàbá rẹ pa rédíò, ó tún tàn án, bóyá yóò yí ohùn padà. Ó bi rédíò pé ṣé owó tí kò sí yẹn ni wọ́n fẹ́ fi rà á. Rédíò ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní tirẹ̀. Bàbá rẹ ní òun kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i, ṣùgbọ́n kò pa á.

Èmi kò bínú ní tèmi o, inú mi dùn ni. O rántí agbowó-orí wa, tí a ń pè ní Ẹ-Má-Bínú torí pé bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Nígbà tó wá gba ti ọdún yìí, mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi owó wa ṣe. Ó ní ẹ má bínú, ìyá, ohunkóhun tí ìgbìmọ̀ bá fi owó yìí rà, tiyín ni. Mo ní ṣé tèmi gan-an? Ó ní tiyín gan-an. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo sanwó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

O sì mọ bí ẹgbẹ́ àwa aránṣọ ṣe ń ra ohun àjùmọ̀ní. Nígbà tí a fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń gé ojú bọ́tìnì, gbogbo wa la fi ṣọ́ọ̀kì pa àtẹ́lẹwọ́, tí a fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan kí akápò tó tú owó sílẹ̀. Bí ọwọ́ ẹnì kan ò bá tíì kàn án, ọjà ò tíì tà. Ara ìyá oníbọ́tìnì, ọ̀kan nínú wa, ò yá nígbà náà, ńṣe la gbé ẹ̀rọ lọ bá a lórí ibùsùn. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti fọwọ́ kan nǹkan kò ní lè sọ lọ́la pé òun ò mọ̀ pé ó ti kán. Mo wá rò ó pé ó ní láti jẹ́ pé ìgbìmọ̀ ń retí wa, ojú ló kàn ń tì wọ́n láti ránṣẹ́ pè wá.

Bí a ṣe wọ ọkọ̀ nìyẹn, àwa aránṣọ, nọ́ọ̀sì, bàbá rẹ, àti àbúrò rẹ, torí òun náà ń san owó orí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣerun. Ẹ-Má-Bínú wọlé wá ṣàlàyé pé ohun tí òun ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n a ti fún un mọ́ àárín, ọkọ̀ sì ti gbéra. A kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ kí o lè bá wa lọ. Aládùúgbò rẹ ní o wà níbi iṣẹ́. Mo ní ṣé wọn ò sinmi lónìí ni? Ó ní àwọn yòókù sinmi. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ, a sì lọ.

Ọmọ mi, òtẹ́ẹ̀lì yẹn ga, ó sì ní fèrèsé púpọ̀, ẹyẹ ló ń gbé nínú èyí tó pọ̀ jù. Alágbàtà ilé dúró níwájú rẹ̀ nínú kóòtù, ó ní ṣé àwa la fẹ́ rà á. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú rẹ̀ dùn, ó yọ fóònù jáde kí a lè rí bí ilé náà ṣe dára tó. Mo ní ilé ló wà níwájú wa yìí. Ó ní ti inú fóònù ló dára jù. Kò purọ́. Ó wá fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, ó ń tóbi, títí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo fi kún ojú fóònù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí owó rẹ̀ fi ga tó bẹ́ẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ó fẹ̀ ẹ́ jù nígbà tó fi han ìgbìmọ̀, bó ṣe tóbi nínú fóònù ni wọ́n sì ná an. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sún un padà sí bó ṣe wà, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun.

A pa ṣọ́ọ̀kì, a bẹ̀rẹ̀. Ìyá oníbọ́tìnì ló kọ́kọ́ kàn án, ọ̀dà ara ògiri sì bá ọwọ́ rẹ̀ wá bí èèpo ẹ̀pà. Bàbá rẹ fọwọ́ kan fèrèsé kan, ó yọ sí i lọ́wọ́, ó wá gbé e dání bí ọmọ tuntun, kò mọ ẹni tí yóò gbé e fún. Nígbà tó kàn mí, mo ti ògiri bí mo ṣe máa ń ti ìwọ náà nígbà tí o bá ń fà sẹ́yìn láti lọ ilé ẹ̀kọ́, ògiri sì gbà mí wọlé. Omi ti jẹ ẹ́ tán nínú. Wọ́n fà mí, n ò jáde. Alágbàtà ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n má lọ fa ilé lulẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti yọ fóònù nígbà náà.

Ariwo yẹn ló mú alága ìgbìmọ̀ dé, pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀ àti ẹni tí ń díye lé ilé. Alága kí wa dáadáa, ó sì bi mí pé kí ni mò ń wá nínú ògiri. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ògiri ò jẹ́. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà, owó wa lẹ fẹ́ ná, a wá bá yín fọwọ́ kàn án ni, ta ló ti kàn án nínú yín? Ó ní akọ̀wé òun ti rí i. Akọ̀wé ní inú fóònù ni òun ti rí i. Alága ní ẹni tí ń díye lé ilé dé ibẹ̀. Ìyẹn ní òun dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, inú mọ́tò lòun ti díye lé e. Nọ́ọ̀sì ní ṣé ilé ló díye lé ni àbí òjò. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ-Má-Bínú náà rẹ́rìn-ín, ó wá rántí ẹni tí ń san owó oṣù òun, ó fi ikọ́ parí rẹ̀.

Alága ní kò burú, òun fúnra òun yóò fi hàn wá pé ilé náà le. Ó gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Irin náà tú, ó sì tẹ̀ lé e ṣubú. Kò fara pa o, ìyá oníbọ́tìnì ló já lé lórí, ìyá oníbọ́tìnì sì bẹ̀ ẹ́ pé bó bá ti sinmi tán, kó jọ̀ọ́ dìde. Ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó wo ìpáàrà tó kún ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ yóò tún ọ̀rọ̀ yìí gbé yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rí ọṣẹ fi yọ ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, rédíò ní wọn ò ra òtẹ́ẹ̀lì mọ́, pé ọgbọ́n alága ló mú kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ilé ìgbẹ̀bí wa ni wọ́n máa rà, kò tilẹ̀ tó owó ilẹ̀kùn àti fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì náà. Bàbá rẹ àti rédíò ti parí ìjà. Àmọ́ alága ní nígbà tó jẹ́ òfin tiwa nìyẹn, òun náà yóò pa á mọ́: kọ́bọ̀ ò ní jáde títí gbogbo ọmọ abúlé yìí tí ń san owó orí yóò fi fọwọ́ kan ògiri náà, kí ẹnì kankan má bàa wá sọ lọ́la pé òun ò mọ̀. N ò mọ̀ bóyá ó ń gbẹ̀san irin ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, a sì gbà.

A ti ń kàn án. Ògiri ilé ìgbẹ̀bí ti funfun fún àtẹ́lẹwọ́, kò sì sí èyí tó wọlé. Níbi tí a ti tò síta ni ọmọ ti ké nínú yàrá. Àbúrò rẹ ti bí ọkùnrin, wẹ́rẹ́ ló bọ́. A fi ṣọ́ọ̀kì pa á lọ́wọ́, a gbé e kan ògiri. Ẹ-Má-Bínú ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́, bó ṣe máa ń wo ṣọ́ọ̀bù tuntun.

Ọmọ mi, ó ku ọwọ́ kan. Tìrẹ ni. Wọ́n ń yọ owó orí lára owó oṣù rẹ, orúkọ rẹ wà lọ́dọ̀ wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá ọ kàn án, ṣebí èmi ni mo bí ọwọ́ náà. Ẹgbẹ́ mi kọ̀, wọ́n ní òfin tí a fi mú alága, a ò lè tẹ̀ ẹ́ nítorí ọmọ mi. Mo ní ṣé o lè fi fọ́tò ọwọ́ rẹ ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ní rárá, òun ti rí bí fóònù ṣe ń sọ nǹkan di ńlá. Oníṣòwò sìmẹ́ǹtì sì ti wá wọn yàrá lẹ́ẹ̀kan sí i. Oṣù ń lọ sópin.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, wá owó díẹ̀ fún wa. A fẹ́ ra ọ̀dà tí a máa fi kun yàrá inú, apá bùbá mi sì ya nínú ògiri, bàbá rẹ náà ní rédíò ń béèrè bátìrì. Àmọ́ má fi í ránṣẹ́ láti orí fóònù. Fóònù lè gbé owó dé, kò lè gbé ọwọ́ dé. Mú un dání wálé. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ ní ògiri ń dúró dè ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọmọ tuntun ni a fi àyè tìrẹ sí, ó kéré, rọra kí o má fi tìrẹ bò ó mọ́lẹ̀.

Ọlọ́run yóò la ọ̀nà fún ọ. Ohun tí o bá fara tì yóò dúró, ẹni tí o bá gbọ́kàn lé yóò dúró, ilé tí ìwọ náà bá rà lọ́la yóò dúró. Láìpẹ́ ni ojú mi yóò rí ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.