Ohun Tí A Rí Lẹ́yìn Bọ́ńpà

Gàmbàrí, Ìlọrin.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Rokibat, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé ní Malete níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, ẹ̀kọ́ sì ń lọ déédéé. Àwa náà wà, àfi orúnkún mi tó ń rán mi létí pé èmi kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́. Munirah ọmọ àbúrò mi ni yóò fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Bí mo bá pè ọ́, "Mo wà dáadáa, Bàbá, mò ń wọ kíláàsì" lò ń sọ, wàá sì ti sáré gé e. Oṣù mẹ́ta rèé tí o fi ọkọ̀ mi gbá òpó géètì. Láti ọjọ́ náà o kò wálé mọ́, bẹ́ẹ̀ Malete sí Ìlọrin kò ju bọ́ọ̀sì kan lọ.

Mo ti lọ ra bọ́ńpà. O mọ̀ mí, tíṣà tó fẹ̀yìn tì kì í gbà pé nǹkan kan wà tí òun kò mọ̀. Mo fi ọkọ̀ sílé, mo fi okùn wọn iwájú rẹ̀ láti etí dé etí, mo sì gbé okùn náà lọ bá Kọ́lá tó ń ta páàtì tòkunbọ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Bàbá, bọ́ńpà kì í ṣe ṣòkòtò. Ọdún wo ni Kọ̀rólà yín?" Mo ní èyí tó bá ṣáà ti gùn tó okùn mi ni kó gbé wá. Ó gbé e wá, ó sì kìlọ̀ pé kí n má lu ihò kankan sí i, kí n lè rí i dá padà. Nígbà tí mo délé, gígùn rẹ̀ pé, àmọ́ ihò iná kékeré méjì wà lára rẹ̀ tí kò sí lára tiwa, ihò nọ́ọ̀tì kò sì bá ara wọn mu. Ìyá rẹ wò mí, ó sì padà sídìí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Lọ́jọ́ kejì mo wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, mo sì gbé bọ́ńpà tó fọ́ dání. Ọwọ́ àwọn ewúrẹ́ ni mo ti gbà á, torí ìyá rẹ ti sọ ọ́ di àwo omi wọn. Kọ́lá gba ti àkọ́kọ́ padà, ó tẹ́ àlòkù mìíràn àti èyí tó fọ́ sílẹ̀, ó fi ìka tọ ihò kọ̀ọ̀kan, ó wo àwọn etí tó ń há mọ́ abẹ́ iná, ó ní bí ọ̀kan bá ti kán, ká má rà á. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Ó ní ká gbé e lé ọkọ̀ ná kí n tó mú un lọ. Apá ọ̀tún jókòó dáadáa. Apá òsì là sílẹ̀, ìka mẹ́ta wọ ibẹ̀.

Mo jágbe mọ́ Kọ́lá. Mo ní ó tún fẹ́ ta èyí tí kò wọ̀ fún mi, bí ẹni pé kì í ṣe agídí mi ló gbé ti àkọ́kọ́ lọ sílé. Kò bínú. Ó gbé òmíràn tí ọdún rẹ̀ bá tiwa mu, àlàfo náà ṣì wà níbẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó wo inú. Ó ní, "Bàbá, ẹjọ́ bọ́ńpà kọ́. Irin tó gbé e dúró ló wọ́. Ẹ wo wáyà tí wọ́n fi so ó, ó ti dógùn-ún. Ó ti pẹ́ tí mọ́tò yìí ti forí sọ nǹkan. Ṣé ẹ̀yin lẹ wà á nígbà náà?" Mo ní rárá o.

Rokibat, irọ́ ni mo pa. Nígbà tí o ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, nínú oṣù ààwẹ̀, oorun gbé mi lọ lójú ọ̀nà, mo sì forí ọkọ̀ sọ òpó pátákó kan. Mo ní kí ẹni tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe fi wáyà so ó, kó kùn ún, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Kọ́lá ní bọ́ńpà tí wáyà ògbólógbòó dì mú, bí ewúrẹ́ bá fara kàn án, yóò já. Ìwọ sì ń sọ lọ́jọ́ náà pé, "Bàbá, mi ò sáré." N kò gbọ́. Ojú àwọn àlejò ni mo ti pè ọ́ ní aláìbìkítà, tí mo ní o kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mi mọ́. Ojú tì mí níwájú Kọ́lá. Mo jẹ́wọ́ fún un, ó ní kí n lọ na irin náà ná. Lẹ́yìn tí wọ́n nà án, bọ́ńpà wọ̀ láìjanpata.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Ó ní, "Èmi kọ́ lẹ pariwo mọ́." Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ tó kọjá, mo pe Àlàájì Ìbráhímù àti àwọn àlejò yòókù tó jókòó lọ́jọ́ yẹn, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Àlàájì fẹ́ bá mi bò ó, ó ní àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Mo ní ẹni tó bú ọmọ lójú gbogbo ayé kò gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Mo ṣe ọ́ ní àbòsí, ó sì ń dùn mí. Dákun, wálé lọ́jọ́ Sátidé. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ, ó ń dúró dè ọ́.

Ọlọ́hun yóò fi àlùbáríkà sí ẹ̀kọ́ rẹ. Òótọ́ rẹ kò ní di irọ́ lójú ènìyàn. O kò ní bí ọmọ tí yóò máa bẹ̀rù ilé bàbá rẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó jẹ̀bi,
Abdulmateen.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù: Lọ́jọ́ náà, bọ́ńpà ni mo sáré lọ wò. Títí di òní, n kò bi ọ́ bóyá o fara pa. Ṣé nǹkan kan ṣe ọ́?