Mo Lọ Gba Owó Ọmọ Lórí Rẹ

Ràzáàkì ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ jí ní Kútọnù? Ṣé ara Ṣàrífátù ìyàwó rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Àwa náà wà ní Pobè níbí, a dúpẹ́, àfi ewúrẹ́ tó jẹ ìdajì fìlà bàbá rẹ, tí bàbá rẹ sì ń dé ìyókù lọ sí mọ́sáláṣí.

Nígbà tí o wálé ní Iléyá, o ní oúnjẹ àti ilé ìwé àwọn ọmọ ló ń gbé gbogbo owó rẹ lọ. Lẹ́yìn tí o lọ tán ni bàbá rẹ sọ fún mi pé ìjọba ń fi owó ọmọ kún owó oṣù rẹ, nítorí ọmọ mẹ́ta tí o bí. Mo ní háà, èmi tí mo bí méje ńkọ́? Ni mo bá mú ìwé ìbí rẹ, mo gun ọ̀kadà zẹmijan lọ sí bíróò, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń san owó náà.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àdùní ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù. Ó bi mí pé ọmọ mélòó ló wà lọ́rùn mi. Mo ní kò sí ọ̀kankan lọ́rùn mi, ẹ̀yìn ni mo fi pọn gbogbo yín. Ó ní ọmọ tí mo wá gba owó lé lórí yìí, ọdún mélòó ni. Mo ní mọ́kànlélógójì. Ó ní ṣé ara rẹ̀ kò yá ni, mo ní ara rẹ̀ le, etí rẹ̀ nìkan ni kì í gbọ́ran bí mo bá ní kó fowó ránṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ṣàlàyé pé ọmọ kékeré lowó yẹn wà fún, kí wọ́n fi jẹun, kí wọ́n fi kàwé. Mo bi í pé ta ló wá ń san ti àwa tí a tọ́ bàbá wọn. Ó ní wọn ò tíì ní fọ́ọ̀mù ìyẹn. Mo ní kí wọ́n tètè tẹ̀ ẹ́.

Ràzáàkì, ohun kan ń dùn mí o. Mo ti ń rò ó pé Ṣàrífátù ló ń fi owó ọmọ ra irun àti bàtà gogoro. Bí mo ṣe jáde níbẹ̀ ni mo pè é, mo sì bi í léèrè. Kò bínú. Ó ní owó náà kò tó, pé òun ń fi èrè aṣọ tí òun ń tà ní ọjà Dantokpa kún un kí Sàní ọmọ yín lè rí awò ojú, nítorí kò rí ohun tí tíṣà ń kọ mọ́. Ojú tì mí, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo ti di gàrí àti epo fún un. Tirẹ̀ ni, kì í ṣe tìrẹ. Bó bá fún ọ jẹ, kí o dúpẹ́.

Páànù ilé ìdáná ń jò. Má fọwọ́ kan owó ọmọ, mú tèmi nínú èyí tí o fi ń wo bọ́ọ̀lù. Bí o bá sì fẹ́ fi í ránṣẹ́ gba orí tẹlifóònù, yan owó tuntun, èyí tí o fi ránṣẹ́ níjọ́sí ti ya kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọlọ́run yóò dá ìwọ náà sí di arúgbó. Lọ́jọ́ tí o bá kọ̀wé béèrè owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ, wọn yóò ti fi í ránṣẹ́ kí o tó ká ìwé náà tán. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràhámátù