Bàbá Kògbẹ̀yìn, Ọmọ Yín Ti Mọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Pàdánù

Bàbá Kògbẹ̀yìn, ọdún mẹ́fà rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà! Ó ti rẹ̀ mí, n kò ní purọ́ fún yín.

Tábìlì tẹníìsì tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn sí pálọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ la ti ń jẹun, orí rẹ̀ ni mo ti ń lọ aṣọ oníbàárà, orí rẹ̀ náà ni ọmọbìnrin yín ti ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri títí etí mi á fi máa hó. Ẹ ṣáà rántí pé bí ẹnikẹ́ni bá borí rẹ̀ ní kékeré, ilé ò ní rójú. Ẹ máa ń ní kí n fi í sílẹ̀, pé iná tó ń jóni náà ló ń se ọbẹ̀.

Ó ti ga jù mí lọ báyìí. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fẹ́ mú ẹnì kan ṣoṣo tí yóò ṣojú ẹgbẹ́ tẹníìsì wọn lókè òkun. Pọ́ìntì kan péré ló kù kí ọmọ yín borí. Ọmọ tí wọ́n jọ ń díje gbá bọ́ọ̀lù, rẹfirí ní ó ti jáde. Gbọ̀ngàn hó yèè! Ni Kògbẹ̀yìn bá nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó kan etí tábìlì, òun ló ni pọ́ìntì." Kò sẹ́ni tó rí i àfi òun. Wọ́n fún ọmọ kejì ní pọ́ìntì yẹn, eré ń lọ, ọmọ kejì sì borí. Olùkọ́ni rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Mo fẹ́ yìn ín nílé, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má yìn mí. Inú ń bí mi. Mo fẹ́ lọ sókè òkun!" Ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Áà, bí mo ṣe wá yín tó nígbà yẹn! N kò mọ ohun tí ẹ̀ bá sọ fún un. Mo kàn gbé orí rẹ̀ lé itan mi.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọmọ tó borí rẹ̀ wá kanlẹ̀kùn, ó ní kí àwọn jọ máa gbá a. Kògbẹ̀yìn wò ó tòkè-tilẹ̀. "Wọlé. Ṣùgbọ́n màá nà ẹ́ lónìí." Ó sì nà án! Ó pẹ́ tí mo ti rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Ilé ń pariwo, síbẹ̀ àyè yín ṣófo. Àárò yín ń sọ wá, bàbá ọmọ mi. Ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn wa. Ẹ sinmi ní tiyín.