Imí-eṣú Ẹ̀yìn Ògiri

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ṣàngó-Ọ̀tà níbí. Ẹ bá mi kí Bàámi, kí ẹ sì sọ fún Ìyá Àgbà pé mo gbọ́ pé ara wọn ti yá, inú mi dùn sí i.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún yìí, imí-eṣú ló kọ́kọ́ yọ òdòdó lẹ́yìn ògiri ilé-iṣẹ́ ike tí mo ti ń ṣiṣẹ́, létí gọ́tà. Òdòdó wẹ́wẹ́, aláwọ̀ àlùkò, bíi ti ẹ̀bá oko wa gẹ́lẹ́. Mo dá nìkan rẹ́rìn-ín. Níbí, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wá lẹ́nu iṣẹ́. Èèyàn lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mo rí òdòdó yẹn náà ni irin gé Ṣọlá àbúrò mi lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́ tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ó ní òun ò lọ sọ́sípítù, pé bí òun bá pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan, ẹlòmíì lòun máa bá nídìí ẹ̀rọ. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé imí-eṣú ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, òun ló ń mú egbò jinná, òun náà la ń sè fún inú rírun. Ẹ sì kọ́ wa pé a kì í fọ èyí tí a bá fẹ́ fi sójú egbò, kí agbára rẹ̀ má bàa bá omi lọ. Mo já a, mo ra á lọ́wọ́, mo fún oje rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dá. Àwa méjèèjì ń yangàn.

Mo gbàgbé pé omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ wa ló ń ta sára ewé yẹn lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ wú, ó ń rùn. Ìgbà tí a fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Màámi, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Irọ́ ni mo ń pa fún yín tí mo ń sọ pé Ṣọlá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ dárí jì mí.

Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Ewé yẹn kọ́ ló burú, ibi tí o ti já a ni.” Mi ò lè sọ ọ́ fún Ṣọlá. Àràárọ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní bí kì í bá ṣe ewé tí mo fi sí i, ẹ̀jẹ̀ ì bá ti pa òun. Ọpẹ́ yẹn ń gún mi lọ́kàn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síta: Ṣọlá máa ń ka ìwé ìròyìn yìí, á kà á, kò sì ní dúpẹ́ mọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ lórí wa. Ẹ kí gbogbo agboolé.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àdùkẹ́