Wọ́n Yọ Ìgbakọ Verla Kúrò Lórí Òkè

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n ti yọ ọ́. Pátákó Ìgbakọ Verla, orúkọ ọ̀nà tí a ń fi síkì yọ̀ lórí yìnyín. Orí àga wáyà tó ń gbé ènìyàn gòkè ni mo wà láàárọ̀ tí mo rí i, mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe ségesège. Pátákó tuntun ló wà níbẹ̀, wọ́n ya ehoro sí i, ehoro ọ̀hún ń rẹ́rìn-ín. ỌMỌ EHORO. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó le jù ní gbogbo òkè yìí! Ehoro wo ló fẹ́ yọ̀ níbẹ̀?

Nígbà ọ̀dọ́ mi, ìgbà tí mo ń se ọbẹ̀ ẹ̀wà níwájú ahéré tó wà lókè ténté ni Orrin fi síkì rẹ̀ gba inú ìkòkò mi kọjá. Ọbẹ̀ dànù. Mo so síkì mọ́ ẹsẹ̀, mo mú ìgbakọ, mo lé e gba ibi tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbà rí. Ìsàlẹ̀ ló ṣubú sí. Mo fi ìgbakọ gbá a lórí. Ẹ̀rín ló ń rín. Kí ọdún tó yí po, a ti ṣègbéyàwó. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Ìgbakọ Verla torí mi, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kun pátákó àkọ́kọ́.

Orrin ti kú. Pátákó ló kù — wọ́n yọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo se ọbẹ̀. Ó jóná. Àwọn tó yọ pátákó ni wọ́n jó o.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin tí kọ́ńpìnnì tó ra òkè gbé wá ṣe ọ̀gá — Kirsa ló ń jẹ́, Eyín Funfun ni mo ń pè é níhìn-ín, torí kì í pa ẹnu dé. Ó ní kí n jókòó. Mo ní mo ti wà lórí ìdúró kí wọ́n tó bí ìyá ẹ̀.

Ó ní àwọn àlejò máa ń wo àwòrán òkè kí wọ́n tó wá, orúkọ ló sì ń lé wọn sá. Pé ìyá wo ló máa mú ọmọ ẹ̀ wá sórí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Kán-Lọ́rùn? Mo ní ti Ìgbakọ wá ńkọ́? Ó ní ìyẹn ò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, àmọ́ kò yé ẹnikẹ́ni náà. "Mà, ta ló tún mọ Verla lóde òní?"

Mo ní, "Èmi mọ̀ ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Mo ní ẹni tó bá tìtorí ehoro gba ibẹ̀, tó kán lẹ́sẹ̀, ńkọ́? Ó ní àmì dúdú méjì tó ń sọ pé ibẹ̀ le ṣì wà lára pátákó, ẹni tó bá mọ̀wé á rí i. Ojú mi ló ń wò nígbà tó dé orí "mọ̀wé". Ìwé kẹrin ni mo kà dé. Mo rí i, ọmọ. Mo rí gbogbo ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Orrin ṣe ẹ̀ṣọ́ òkè títí tó fi darúgbó. Rédíò iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí fíríìjì. Nírọ̀lẹ́, bí àga wáyà bá ti dúró, àwọn ẹ̀ṣọ́ á pín ọ̀nà láàárín ara wọn, wọn á máa yọ̀ bọ̀, wọn á máa kígbe bóyá ẹnì kan ṣì kù nínú igi. Tí kálukú bá dé ìsàlẹ̀, á pe orúkọ ọ̀nà rẹ̀ sórí rédíò: ó ti ṣófo. Tó bá ku ẹyọ ènìyàn kan lókè, kò sí ẹ̀ṣọ́ tó ń lọ sílé. Òfin wọn nìyẹn. Èmi kì í bu oúnjẹ sáwo títí n ó fi gbọ́ "Ìgbakọ ti ṣófo."

Lónìí Dell Petek ló kàn. "Ọmọ Ehoro ti ṣófo."

Dell! Ọmọ tí mo fi ọbẹ̀ wò dàgbà!

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Dell wá, ó di fìlà mọ́wọ́. "Mama Verla, ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹni tó bá tún pe orúkọ àtijọ́, kó lọ wáṣẹ́ síbòmíì. Orúkọ lásán ni, ẹ jọ̀ọ́."

Lásán! Mo ní ó dáa, Doris ni n ó máa pè é láti òní lọ. Doris, jókòó. Doris, jẹun.

"Háà, Mama, ẹ dákun."

Ó jẹ àwo méjì kó tó lọ. Ojú ò tì í.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Eyín Funfun gbé kéèkì wá sílé mi. Ó ní wọ́n ti rò ó, wọ́n fẹ́ bu ọlá fún mi. Ibi pẹrẹsẹ tí àwọn ọmọ ìrákòrò ti ń kọ́ síkì — wọn á sọ ọ́ ní Ọ̀nà Mama Verla. Ó fi àwòrán hàn mí: ìyá arúgbó kan, ó fi ìborùn bora, ó ń gbé bisikíìtì fún ehoro.

Èmi rèé o. Èmi tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú ìgbakọ!

Mo dá kéèkì padà. Mo ti gé díẹ̀ níbẹ̀ o.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé

Mo fi ìda pa síkì mi kó lè yọ̀ dáadáa. Orúnkún ń dùn mí. Kó máa dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta

Mo ti ṣe é.

Mo gun àga wáyà nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dá a dúró. Mo yọ̀ dé ìdajì Ìgbakọ. Mo jókòó sínú yìnyín, mo gbé ìgbakọ lé itan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ igbe Dell láti òkè.

"Mama Verla! Ṣé ẹ fara pa ni?"

"Ara mi le. Sọ fún wọn ibi tí mo wà."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ilẹ̀ ń ṣú."

"Sọ fún wọn."

Rédíò àyà ẹ̀ ń pariwo. Gbogbo ọ̀nà ti ṣófo, tiwa nìkan ló kù. Eyín Funfun fúnra ẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀: kí ló ń dá Ọmọ Ehoro dúró? Òtútù ti wọnú egungun mi, mi ò jẹ́ kó hàn. Dell wò mí. Ó wo ìgbakọ. Ó tẹ bọ́tìnnì.

"Kò tíì ṣófo. Èmi àti Verla ló wà lórí Ìgbakọ."

Eyín Funfun ní, "Níbo nìyẹn?" Ẹ̀ṣọ́ kan bú sẹ́rìn-ín níbì kan, òmíràn gbà á lẹ́nu ẹ̀, ni gbogbo òkè bá gbà á.

Mo dìde, mo yọ̀ délẹ̀ fúnra mi. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Dell fẹ́ dì mí mú, mo fi ìgbakọ hàn án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Wọ́n gba káàdì tí mo fi ń gun àga wáyà. Wọn ò lé Dell. Ẹ̀rù àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù ń bà wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

Mo lọ ra ẹ̀wà. Àwọn àlejò ọ̀dọ́ mẹ́ta wà níwájú mi, bàtà síkì ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ọ̀kan ń fọ́nnu: "Mo ti yọ̀ lórí Ìyá-Jókòó o! Ibẹ̀ le, ọ̀rẹ́!"

Mo ní, "Ibo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ò gbọ́ ni, mà? Wọ́n kọ Ehoro síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá arúgbó kan ló lọ jókòó síbẹ̀."

"Ìgbakọ ni," ni mo wí. "Ìgbakọ Verla."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó ní, ó bá mi gbé ẹ̀wà sórí tábìlì bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún.

Kì í ṣe Eyín Funfun ló sọ ọ́ ní Ìyá-Jókòó, Orrin. Ọwọ́ mi ni. Orúkọ àkọ́kọ́, torí pé mo sáré ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Èyí, torí pé mo jókòó.

Ọ̀nà àárín igbó tí a máa ń gbà gòkè kí wọ́n tó gbé àga wáyà wá ṣì wà níbẹ̀. Wọn kì í béèrè káàdì níbẹ̀.

Síkì mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìgbakọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.