Màmá Tún-un-Sá àti Apá Ọ̀tún Àkọ́bí Wọn

Ọdún 1946 ni wọ́n bí Màmá, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Aránbàtà ni bàbá wọn, aránbàtà náà ni bàbá tó bí bàbá wọn. Nọ́ọ̀sì ni ìyá wọn. Oníbàárà kì í tíì bọ́ bàtà tán tí Màmá á ti yí i padà, wọ́n á wo ibi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, wọ́n á sì sọ ẹsẹ̀ tó ń dun olúwarẹ̀. Ìyá wọn á ní kí wọ́n dákẹ́, pé bàtà ni oníbàárà wá ràn, kò wá gba ẹ̀bi.

Lẹ́yìn ilé-ìwé girama, wọ́n kọ́ṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá. Ní 1971 wọ́n fẹ́ Bàbá, tí wọ́n ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Bàbá fẹ́ràn láti máa sọ pé lọ́jọ́ tí àwọn kọ́kọ́ pàdé, dípò kí Màmá kí àwọn, ṣe ni wọ́n ní kí àwọn sọ èjìká kalẹ̀ bí àwọn bá ń rìn.

Orí pápá ni Màmá lo ayé wọn. Wọ́n á dúró níbi kọ́nà, wọ́n á máa wo orúnkún, àtẹ́lẹsẹ̀ àti apá. Ẹni tí eré rẹ̀ kò bá gún, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa gbọ́: "Tún un sá." Ẹni tó bá fẹ́ sunkún á sunkún, á sì tún un sá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ wọn.

Àkọ́bí wọn obìnrin ló yára jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ apá ọ̀tún rẹ̀ máa ń ṣí sóde. Ní 1988, Màmá fi odindi ọdún kan tún apá náà ṣe. Apá gún, ó wuni wò. Ni orúnkún òsì bá wú. Dókítà ní kó fi eré sísá sílẹ̀, ọmọ sì ti bàtà eré rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Màmá ò gbà. Wọ́n fa bàtà náà jáde, wọ́n yí i padà bí wọ́n ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbé e ti èyí tó wọ̀ kí wọ́n tó tún apá rẹ̀ ṣe. Ti àtijọ́ jẹ dọ́gba. Tuntun ti jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n fi téèpù wọn ẹsẹ̀ ọmọ. Ti òsì kúrú díẹ̀. Apá ọ̀tún tó ń ṣí sóde ló ti ń bá ẹsẹ̀ tó kúrú yìí gbé ìwúwo ara láti ọjọ́ yìí wá.

Màmá jókòó sílẹ̀ níwájú ọmọ wọn, wọ́n ní, "Èmi ni mo ṣe é. Apá rẹ ń ṣiṣẹ́, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ. Màá dá a padà."

Ọmọ ní òun ò lè sáré mọ́.

"Rìn ín ná," ni Màmá wí.

Láràárọ̀ ni wọ́n jọ ń rìn yí pápá ká, Màmá náà á ṣí apá tiwọn sóde kí ọmọ lè rí i wò. Àwọn olùkọ́ yòókù fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, Màmá àti ọmọ ò wò wọ́n. Ní 1990, ọmọ náà ṣe ipò kẹta nínú ìdíje, tòun ti apá rẹ̀ tó ṣí. Màmá sunkún ayọ̀ lójú gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kì í tún eré ẹnikẹ́ni ṣe láìkọ́kọ́ bi í pé kí ni ohun tó ń ṣe yẹn ń bá a gbé.

Nílé ìjọsìn, àwọn tó ń gbé àga mọ ọ̀rọ̀ ẹnu Màmá dáadáa: "Ẹ tẹ orúnkún, ẹ má fi ẹ̀yìn gbé e." Àdúrà ò dí wọn lọ́wọ́ ìyẹn.

Màmá fi Bàbá, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje sáyé lọ. Àkọ́bí, tó ti di olùkọ́ lórí pápá kan náà, ni yóò ṣáájú pósí lónìí. Apá ọ̀tún rẹ̀ yóò ṣí sóde bó ṣe ń rìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá a tún un ṣe.

Màmá, eré tí ẹ sá láyé yìí gún. Ẹ ò ní tún un sá mọ́. Ẹ sùn un re.