Tíṣà Àwòrán, Ìyá Tó Ń Dí Gbogbo Ihò (1952–2024)

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 1952, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé kan tó kọjú sí ibùdókọ̀ rélùwéè, ni wọ́n bí olóògbé tí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ pé jọ lónìí mọ̀ sí Tíṣà Àwòrán. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, òun ló kan fèrèsé ìdajì àwọn ilé tó wà ní òpópónà náà. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ ibùsùn fún ilé ìwòsàn. Òun ni ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún, òun nìkan sì ni obìnrin láàárín wọn. Ìdílé oníṣẹ́ ọwọ́ ni ìdílé bàbá rẹ̀ láti ìran bàbá ńlá wọn wá, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n sì fi ń tọ́ ọmọ níbẹ̀: ohun tí kò bá tíì ṣe rẹ́gí, kò tíì parí.

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún tó ti máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, tí yóò máa ṣa àjákù pákó, tí yóò sì máa wá èyí tó bá èkejì mu. Bàbá rẹ̀ a máa pariwo pé, “Ṣé èyí tí mo fi gbogbo àárọ̀ gé ni ìwọ tún ń tò padà yìí?” Ṣùgbọ́n kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Olóògbé bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958, ó jáde ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní ọdún 1970, ó sì gba ìwé ẹ̀rí tíṣà ní ọdún 1973. Ìṣirò kò fẹ́ràn rẹ̀, òun náà kò sì bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò lè fi ṣọ́ọ̀kì yà sójú bọ́ọ̀dù, láti orí alángbá títí dé ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin. Ní ọdún 1974, wọ́n fún un ní kíláàsì kejì nínú yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà fún ọdún méjìdínlógójì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́ fi í jẹ ọ̀gá ilé ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ló dáhùn pé, “Ọ̀gá kì í ní kíláàsì. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe láàárọ̀?”

Ní ọdún 1976, ó gbé aṣọ lọ fún télọ̀ kan pé kí ó bá òun rán an. Télọ̀ náà wọn apá kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Olóògbé bi í bóyá apá òun ń gùn sí i ni. Ọkùnrin yìí ni àwọn oníbàárà ń pè ní Tún-un-wọ̀n, nítorí kò gé aṣọ ẹnikẹ́ni rí láì kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1977, wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ló sì ń jí gbogbo wọn láàárọ̀.

Ní ọdún 2006, wọ́n kó kọ̀ǹpútà mẹ́fà wá sí ilé ìwé. Olóògbé ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta nígbà náà, àwọn tíṣà tó kéré sí i lọ́jọ́ orí sì rò pé kò ní yà síbẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Ó jókòó ti akọ̀wé ilé ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń béèrè, ó ń béèrè, títí akọ̀wé fi ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mí.” Nínú gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, ẹyọ ètò kan ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn, èyí tí wọ́n fi ń gbé àwòrán àti ọ̀rọ̀ jáde ní síláìdì kan tẹ̀lé òmíràn. Wọ́n sọ fún un pé ti ìpàdé ni. Ó ní ìpàdé wo ló tó ìpàdé òun àti ogójì ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Inú ètò ìpàdé yìí ló ti ṣe eré àtòpọ̀ àwòrán tó sọ ọ́ ní orúkọ. Yóò mú àwòrán kan, yóò gé e sí mẹ́sàn-án, yóò tú u ká sí etí síláìdì, yóò sì fi àpótí òfìfo mẹ́sàn-án sáàárín. Àpótí kan á pọ́n: èwo ló wọ ibẹ̀? Bí ọmọ bá tẹ apá tó tọ́, kọ̀ǹpútà á ṣí síláìdì tó kàn, níbi tí apá náà ti jókòó sáyè rẹ̀. Bó bá tẹ èyí tí kò tọ́, á bá ara rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ “Tún un wò” sí, á sì padà síbi tó ti kúrò. Nígbà tí apá kẹsàn-án bá wọlé, ohùn olóògbé fúnra rẹ̀ á jáde nínú ẹ̀rọ pé, “O káre!” Àwòrán kan ṣoṣo a máa gba odindi ọjọ́ Sátidé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kan tí kì í dáhùn ìbéèrè kankan ní kíláàsì yanjú àwòrán márùn-ún kí àwọn yòókù tó yanjú ẹyọ kan. Olóògbé ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó dáadáa, ó rí i pé ọmọ náà kò tilẹ̀ fọwọ́ kan àwòrán. Ibi òfìfo ló ń tẹ̀. Nínú ètò yẹn, ibikíbi tí èèyàn bá ti tẹ̀ tí kì í ṣe ara àwòrán, síláìdì tó kàn ló máa ṣí, síláìdì tó kàn sì ni ìdáhùn. Olóògbé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọmọ yìí rí ihò tí tíṣà kò rí. Nígbà tó wádìí, ó mọ̀ pé àmì kékeré kan wà fún síláìdì kọ̀ọ̀kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ yọ, kí títẹ òfìfo má baà ṣí ohunkóhun mọ́. Bí a bá gbàgbé ẹyọ kan, ihò ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe iṣẹ́ yìí ní dídí ihò, kò sì gbé àwòrán kan fún ọmọ rí láì dí ihò rẹ̀ tán.

Olóògbé fẹ́ràn ilé Ọlọ́run. Ní ọdún 2009, ìjọ ní kí ó máa bá wọn gbé ọ̀rọ̀ orin sára ògiri. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ó ṣètò rẹ̀ pé kí àwọn síláìdì máa yí fúnra wọn. Kò ro ti ẹgbẹ́ akọrin, àwọn tí kì í kánjú lọ síbì kankan. Kí wọ́n tó parí ẹsẹ kejì, ògiri ti dé ẹsẹ karùn-ún. Àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀lé ògiri, àwọn àgbà tẹ̀lé dùùrù. Olùṣọ́-àgùntàn ní kí wọ́n fara balẹ̀, Ọlọ́run gbọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2012, ó ń kọ́ àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìkàwé àdúgbò ní gbogbo Ọjọ́rú, lọ́fẹ̀ẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe eré àwòrán. Àwọn ilé ìwé tí kò dé rí ń lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ di òní.

Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ọkọ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó ń di sísọ́ọ̀sì mú, kọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń bá a na ọwọ́ kìlọ̀ pé bí ọwọ́ náà kò bá ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ó lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù rírọ̀ kan pé kí ó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó fi ọwọ́ òsì jù ú síta. “Ṣé ọmọ jẹ́léósinmi ni mí?” Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ògiri. Olóògbé sọ fún àkọ́bí rẹ̀ pé òun kò bẹ̀rù ọwọ́ tí kò gbé nǹkan, ọkọ tó kọjú sí ògiri ni òun ń bẹ̀rù.

Ó ya fọ́tò kóòtù kan tí ọkọ rẹ̀ rán ní ọdún 1985, ó gé e sí mẹ́sàn-án sínú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lójú, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Apá òsì kóòtù ló ń tẹ̀ fún apá ọ̀tún. Ọkọ rẹ̀ fara dà á títí kò le fara dà á mọ́. “Apá òsì kọ́ ló wọ ibẹ̀ yẹn, ìyá yìí!” Olóògbé gbé ẹ̀rọ náà sí itan ọkọ rẹ̀. “Ẹ fi hàn mí nígbà náà. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan o.” Ní ọjọ́ yẹn, ìka rẹ̀ kò bá ibi kankan. Ṣùgbọ́n ó kúrò lójú ògiri.

Ibi tí àkọ́bí ti ṣìṣe rèé. Apoògùn ni, òun náà ló kọ ìtàn yìí, kò sì ní fi ara rẹ̀ pamọ́. Bí ìka bàbá rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n tó ń bọ́ sí òfìfo ń dùn ún. Ní ọjọ́ kan tí olóògbé lọ sí ilé ìkàwé, ó ṣí àwọn síláìdì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dá àmì náà padà, ó sì ṣí gbogbo ihò. Fún ọjọ́ mẹ́rin, ibi yòówù kí ìka bàbá já sí, ó gbà á. Bàbá jẹun, ó kọrin, ó ní kí wọ́n lọ kán òróró sí ẹ̀rọ ìránṣọ òun. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti ilé yìí kò tilẹ̀ lọ jìnnà. Ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tó ku apá kan, bàbá ṣèèṣì tẹ igun tí nǹkan kan kò sí, ẹ̀rọ sì ní, “Ẹ káre!” Ó tún un tẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. “Ìwọ náà ń tàn mí?”

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Olóògbé mọ ẹni tó ṣe é láti ọjọ́ tí àṣírí tú, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni; òun ló ń bẹ ọkọ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. Ojú ti àkọ́bí, ó wá jẹ́wọ́. Olóògbé kò bá a jà. Ó ní, “Àánú rẹ dáa. Ṣùgbọ́n bí a bá ń tan èèyàn báyìí, a ti gbà lọ́kàn wa pé kò lè ṣe é mọ́ nìyẹn. Èmi kò tíì gbà.” Ó ṣí àwòrán náà níwájú ọkọ rẹ̀, ó ń dí ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tún-un-wọ̀n kò gba ẹnu lásán gbọ́. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ gbogbo òfìfo síláìdì kọ̀ọ̀kan wò, nígbà tí kò sí èyí tó ṣí, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó gba oṣù mọ́kànlá kí apá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wọlé lójúkòó kan. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2021, ó di sísọ́ọ̀sì mú, ó gé aṣọ tábìlì kan. Etí aṣọ náà wọ́. Olóògbé tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ó sì ń pe àwọn ará ilé kejì wá wò ó.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun olóògbé. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹwàá, ó tẹ́rí gbaṣọ ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Ó dun ìdílé yìí dọ́kàn.

Ó fi ọkọ rẹ̀, Tún-un-wọ̀n, sílẹ̀ sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin: apoògùn, awakọ̀ ojú irin, káfíńtà kan tó jogún ṣọ́ọ̀bù bàbá àgbà rẹ̀, àti àbígbẹ̀yìn tó jẹ́ tíṣà. Ó fi ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀, àbúrò ọkùnrin méjì, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣeé kà.

Lọ́jọ́ kẹrin tó lọ, àkọ́bí ṣí kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ náà láti wá fọ́tò tí wọn yóò lò fún ìwé yìí. Ó bá eré tuntun kan níbẹ̀ tí wọ́n pè ní “Ti Tún-un-wọ̀n, ọwọ́ ọ̀tún nìkan.” Fọ́tò olóògbé fúnra rẹ̀ ni, wọ́n gé e sí mẹ́sàn-án. Àkọ́bí yẹ ihò wò. Gbogbo rẹ̀ ló ti dí, àfi ti ìgbẹ̀yìn, ibi tí ojú olóògbé yóò ti wọlé. Ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ pé ọwọ́ náà yóò gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn, ó sì fẹ́ kí ibi yòówù tí ó bá já sí gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí, àkọ́bí kò fi pamọ́ fún bàbá rẹ̀. Bàbá na ẹ̀rọ náà padà sí i. Ó ní, “Dí i.”

Ó dí i níṣojú rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ òsì tẹ òfìfo káàkiri, kò sí èyí tó ṣí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó to apá mẹ́jọ síbi tí wọ́n wà. Nígbà tó ku ojú, ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Lẹ́ẹ̀mejì ni ìka rẹ̀ bọ́ sí òfìfo, ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ojú ìyàwó rẹ̀ wọlé, ohùn rẹ̀ sì jáde nínú ẹ̀rọ pé, “Ẹ káre, ọkọ mi.” Fọ́tò náà ló wà níwájú ìwé tí ẹ mú dání yìí.

Ẹ̀yin náà káre, Tíṣà Àwòrán. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ sùn re, Màmá. Ó ti ṣe rẹ́gí.